Ohun tí Apẹ̀rẹ̀ Ọjà Mọ̀ nípa Ṣábẹ̀



Àwa tí a ń kọ̀wé fún ẹgbẹ́ yìí fẹ́ràn ọ̀rọ̀ adé. A máa ń to orúkọ àwọn Oníṣábẹ̀ tẹ̀ léra, a máa ń jiyàn lórí ìdílé tí ó kọ́kọ́ dé àti ọ̀nà tí wọ́n gbà dé. Iṣẹ́ pàtàkì ni, n kò sì kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí a kì í sábà yà sí, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí ààfin rárá: ọjà. Ní ìlú Yorùbá púpọ̀, iwájú ààfin ni ọjà tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ máa ń wà, Ọjà Ọba sì ni orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni akéde ti ń ké, ibẹ̀ ni Èṣù ti ní ojúbọ, bí ọba bá sì wàjà, pípa ọjà dé wà lára ohun tí ìlú fi ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ ìtàn ọba tí kò kọ ti ọjà, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Oúnjẹ tí àwọn ìyá wa ń kó wá sí ọjà Ṣábẹ̀, èyí tí àwa ará Ofè àti àwọn abúlé yíká ń rà, ìwé ìtàn ni. Ohun kọ̀ọ̀kan nínú apẹ̀rẹ̀ ní ìgbà tí ó dé, ó sì ní ẹni tí ó mú un dé. Ìwé náà kò ní àdàkọ kejì. Orí àti ọwọ́ àwọn obìnrin tí ó ń ṣe oúnjẹ náà ni a kọ ọ́ sí, àwọn obìnrin náà sì ń dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ròyìn bí àwọn ọmọ-ọmọ Odùduwà ṣe pín ogún. Ọba Bìní mú owó, Ọ̀ràngún Ìlá mú àwọn aya, Olúpópó mú ìlẹ̀kẹ̀, Olówu mú aṣọ, Alákétu mú adé, Oníṣábẹ̀ sì mú màlúù. Ilẹ̀ nìkan ni ó ṣẹ́ kù fún Ọ̀rányàn, àbíkẹ́yìn wọn. Ọ̀yọ́ ni ìtàn náà ń gbè lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá kà á yóò tètè rí i, nítorí pé lórí ilẹ̀ ẹni tí ó jogún ilẹ̀ ni gbogbo àwọn yòókù yóò máa gbé. N kò ní jẹ́ kí ìyẹn dá wa dúró. Ìbéèrè tèmi ni pé: èé ṣe tí ó fi jẹ́ màlúù ni wọ́n pín fún Ṣábẹ̀?

Èrò mi ni pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa ìtàn náà mọ ibi tí ilẹ̀ wa wà. Ibi tí igbó ti ń fà sẹ́yìn tí ọ̀dàn ti ń gbalẹ̀ ni Ṣábẹ̀ wà, odò Òpárá lápá ìlà-oòrùn, odò Wẹ̀mẹ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ Bàrìbá lókè. Màlúù lè jẹ koríko níbẹ̀ kí ó sì yè. Lójú ará igbó, ẹni tí ó bá ti ọ̀nà Ṣábẹ̀ bọ̀, ẹran ni yóò máa dà bọ̀.

Ẹ lọ sí ọjà lónìí, ẹ ó rí màlúù Oníṣábẹ̀ náà, ṣùgbọ́n inú abọ́ ni ó wà. Wàrà ni mo ń wí, èyí tí ọ̀pọ̀ ará Benin ń pè ní wagasi. Àwọn obìnrin Fúlàní ni ó ń ṣe é. Wọ́n á gbé omi wàrà kaná, wọ́n á já ewé àti ọ̀pá bọmubọmu, wọ́n á gún un, wọ́n á fi oje rẹ̀ sí i, omi wàrà náà á sì dì. Wọ́n á kó o sínú ajọ̀ kékeré kí omi rẹ̀ lè ro dànù. Ajọ̀ yẹn ni ó ń fún un ní ìrísí róbótó tí a mọ̀ mọ́ ọn. Èyí tí ara rẹ̀ pupa, ọkà bàbà ni wọ́n fi pa á láró: èèpo tí ó bo pòròpórò rẹ̀ ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí kò ní fìríìjì lè fi wàrà pamọ́ fún ọjọ́ mélòó kan bí ó bá ń sè é lójoojúmọ́ nínú omi iyọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú abọ́ yìí tí ó yẹ kí a sọ jáde. Ìjà àgbẹ̀ àti darandaran ti ba nǹkan jẹ́ ní ọ̀pọ̀ abúlé ní ẹkùn Collines, mo sì ti gbọ́ tí àwọn ọmọ wa kan, títí kan àwọn tí ó kàwé, ń sọ pé àlejò ni Fúlàní, pé wọn kò ní ìtàn lọ́dọ̀ wa. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa fi wàrà ṣe àlejò nílé ara rẹ̀. A a máa fi ìtàn ogún Odùduwà yangàn pé tiwa ni màlúù, a kì í sì í béèrè ẹni tí ó ń fún wàrà rẹ̀. N kò sọ pé kí àgbẹ̀ jẹ́ kí màlúù jẹ oko òun. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ti di oúnjẹ wa ti wọ inú ìtàn wa, a fẹ́ a kọ̀.

Iṣu ni olórí ọjà. Lábọkọ ni àwọn tí ó mọyì iyán máa ń wá, ẹ̀yà tí ó tètè ń ta. Àgbẹ̀ a máa wà á lẹ́ẹ̀mejì: ní nǹkan bí oṣù keje tàbí ìkẹjọ, a rọra gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ebè, a gé iṣu ńlá náà láì pa gbòǹgbò rẹ̀ lára, a sì da yẹ̀pẹ̀ padà, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, èyí tí ó tún ta ni ó ń di èèbù ọdún tí ń bọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Níhìn-ín ni ọba àti ọjà tún ti pàdé, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, iṣu tuntun kì í dé orí àtẹ ní gbangba kí wọ́n tó fi í bọ ohun tí ó yẹ ní bíbọ, kí ẹni tí oyè tọ́ sí sì ti tọ́ ọ wò. Kàlẹ́ńdà ààfin ni ó ń ṣí ọjà iṣu. Ẹni tí ó bá rò pé ọdún iṣu tuntun kàn jẹ́ ijó àti ìlù fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, kí ó ro èyí wò: òfin ọjà ni, ó sì ń dá àgbẹ̀ tí ebi ń pa lọ́wọ́ kọ́ kí ó má ṣe wu iṣu tí kò tíì gbó.

Ẹ̀yà kékeré tí wọ́n ń pè ní kokoro ni ti èlùbọ́. A bó o, a bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná tí kò hó, a jẹ́ kí ó sùn nínú omi náà, a sá a sí oòrùn títí yóò fi dún bí igi. Gbodo ni a ń pe èyí tí ó gbẹ bẹ́ẹ̀; bí a bá gún un tí a lọ̀ ọ́, ó di èlùbọ́, àwọn Fọn sì ń pè é ní télibo. Mo máa ń ronú nípa gbodo nígbà tí mo bá ń wo àwọn òkè Ṣábẹ̀. Ní ọ̀rúndún 19, tí ogun Dàhọ̀mì ń já lu ilẹ̀ wa, ní ìgbà Gelele tí ó jọba láti 1858 sí 1889, orí àwọn òkè yẹn ni àwọn baba ńlá wa ń sá gùn. Kétu, tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa, wó ní 1886. Nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀, kí ni ènìyàn lè gbé sá gun orí àpáta? Iṣu tútù wúwo, ó sì ń rà. Gbodo fúyẹ́, ó sì ń pẹ́ ju ọdún kan lọ bí kòkòrò kò bá wọ̀ ọ́. Èrò tèmi ni èyí, ṣùgbọ́n n kò rò pé ìlú tí ogun ń yọ lẹ́nu léraléra lè ṣe kí ó má mọ iyì oúnjẹ gbígbẹ.

Àwọn aláwọ̀ funfun jókòó ní Yúróòpù ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, wọ́n sì pín ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn láàrin ara wọn; àdéhùn 1898 sì parí èyí tí ó kù. Kétu àti Ṣábẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Ní 1899 wọ́n gbé owó orí kalẹ̀ ní Dàhọ̀mì. Ní tiwa, owó ẹyọ ni a fi ń ná ọjà: ogójì ẹyọ ni okùn kan, ẹgbàá ni orí kan, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan. Ìjọba tuntun kò fẹ́ ẹyọ. Ó fẹ́ kí owó orí di fírán. Níbo ni aráa oko yóò ti rí fírán bí kì í bá ṣe kí ó ní ohun tí yóò tà? Báyìí ni oúnjẹ tí a ń ṣe fún ilé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí di ohun tí a ń ṣe fún títà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ejìká àwọn obìnrin ni púpọ̀ nínú ẹrù náà sì bọ́ lé.

Kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ni irin láti Kùtọnù ti dé Ṣábẹ̀. Ibẹ̀ ni ó dúró sí fún ọdún púpọ̀. Ní 1936 ni ó tó dé Pàrákú, tí gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ kìlómítà 438. Ẹ rò ó wò: fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún, Ṣábẹ̀ ni òpin irin. Ẹrù tí ó ń ti òkè bọ̀ ń dúró lọ́dọ̀ wa, ẹrù tí ó ń ti etíkun bọ̀ ń bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn tí ó ń gbé ẹrù ń jẹun lọ́dọ̀ wa. Oúnjẹ sísè di òwò. Àwa tí a wọ ọkọ̀ náà nígbà èwe, tí a ń lọ sí ilé-ìwé tàbí sí ẹnu iṣẹ́ ìjọba, kò lè gbàgbé bí ọkọ̀ bá ti ń fẹsẹ̀ rọ wọ ibùdókọ̀ tí àtẹ yóò ti dé ojú fèrèsé: iṣu sísè, ẹ̀kọ, wàrà dídín, ẹ̀pà, ọsàn bíbó. Èèyàn kì í bọ́ sílẹ̀. Ọjà ni ó ń wá bá èèyàn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí tí ọkọ̀ akérò ti dáwọ́ dúró lórí irin yẹn. Àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ń sáré gba orí ọ̀dà kọjá, ibi tí ọ̀gá wọn bá sì ti bá ilé oúnjẹ kan ṣe àdéhùn ni wọ́n ń dúró sí. Kò sí ẹni tí ó ṣírò iye obìnrin tí oúnjẹ òòjọ́ wọn bá irin náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ohun tí a ń pè ní oúnjẹ ìbílẹ̀, nítorí pé àwọn kan nínú wa ń ṣe àṣejù nípa rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí, àgbàdo tí a fi ń ṣe ẹ̀kọ, ẹ̀pà, ata, tòmátì, kajú tí ó ti kún inú oko wa: ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá, àwọn Potogí àti àwọn oníṣòwò òkun sì ni ó mú wọn dé. Bí a bá ní kí gbogbo wọn dìde kúrò lọ́jà, iṣu, ọkà bàbà, ẹ̀wà, òrí, ìrù àti wàrà ni yóò kù, ọbẹ̀ wa yóò sì máa fi ataare àti iyèré ta. Ohun tí ó sọ gàrí di tiwa ni iṣẹ́ tí a ṣe sí i: rírin, fífún, jíjẹ́ kí ó kan, yíyan. Lórí ọ̀rọ̀ gàrí, mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé àwọn ará Sàvàlú ni orúkọ wọn lọ jù ní orílẹ̀-èdè wa, ẹ má bínú sí mi.

Ìrù nìkan tó láti fi hàn bí ọjà wa ṣe ń sọ èdè púpọ̀. Èso igi irúgbá kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Yorùbá ń pè é ní ìrù, Fọn ń pè é ní afitin, Bàrìbá ń pè é ní sonru, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí kálukú ń gbà ṣe é yàtọ̀ díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Obìnrin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbóòórùn rẹ̀ láti òkèèrè, yóò sì sọ fún ọ ẹni tí ó ṣe é.

Ààlà tí wọ́n fà ní ìgbà 1889 kò dá ọjà dúró rí. Ó kàn sọ ọ̀nà oko di ọ̀nà fàyàwọ́ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Igué àti Bio Soulé kọ ìwé kan ní 1992 tí ó ṣàlàyé bí Benin ṣe di ilé ìkẹ́rùsí fún Nàìjíríà, tí ìrẹsì òkèèrè ń gúnlẹ̀ ní Kùtọnù tí ó sì ń gba ẹ̀yìn ilé wọlé sọ́hùn-ún. Oúnjẹ tiwa náà ń lọ: èlùbọ́ wa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn alámàlà ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n gé iye fírán CFA sí ìdajì ní oṣù kìíní 1994, ohun òkèèrè wọ́n gógó, àwa òṣìṣẹ́ ìjọba sì padà sí orí iṣu àti gàrí tí a ti ń fojú tín-ín-rín. Nígbà tí Nàìjíríà ti ààlà rẹ̀ pa láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, àwọn tí ó gbójú lé oníbàárà ìhà ọ̀hún nìkan ni ó kọ́kọ́ ké. Ní ti ilé iṣẹ́ ṣúgà tí Benin àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ ní Ṣábẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀, ẹlòmíràn ni yóò kọ ọ́. Ohun kan péré ni mo rí sọ nípa rẹ̀: ilé iṣẹ́ náà mú orúkọ ìlú wa dé òkèèrè, ṣùgbọ́n kò sí oúnjẹ kankan tí ó kọ́ àwọn ìyá wa ní sísè.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí ẹ ń bẹ̀rù kí wọ́n má rẹ́ yín jẹ, ẹ gbọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá ń ra gbodo, ẹ ṣẹ́ ẹ: bí ó bá dún ṣàkà tí inú rẹ̀ sì mọ́, ó dára, bí ìyẹ̀fun bá ń dà jáde láti inú ihò wẹ́wẹ́, kòkòrò ti ṣáájú yín dé ibẹ̀. Ẹ fi gàrí díẹ̀ sẹ́nu, kí ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń ró lábẹ́ eyín. Èyí tí a kò yan dáadáa kì í ró. Wàrà òòjọ́ funfun ni, ó rọ̀, kò sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ wo abọ́ ìwọ̀n, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ pàápàá, nítorí pé òmíràn ti gba òòlù kí inú rẹ̀ lè ga. Kí ẹ kí ìyá ọlọ́jà kí ẹ tó dá ọjà, kí ẹ pè é ní ìyá bí ó bá ju yín lọ. Ẹni tí ó bá nawọ́ sí ọjà láìkí ènìyàn, iye owó àlejò ni yóò gbọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ra á tán ni kí ẹ béèrè èènì.

Ohun tí ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe pé ọjà yóò tú. Ọjà yóò wà. Ẹ̀rù tí ń bà mí ni pé ohun tí ó wà lórí àtẹ ń yí padà láìsí ariwo. Máàgí ti ń gba ipò ìrù, tòmátì inú agolo ti ń gba ipò ti oko, ìrẹsì láti Éṣíà sì ti di oúnjẹ ọjọ́ ìyàwó. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí èyí. Ṣíṣe ìrù gba wákàtí púpọ̀ lórí iná, ó gba igi ìdáná, ó gba títẹ̀ àti fífọ̀, ó tún gba ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú ìbòmọ́lẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bí ọmọbìnrin kan bá ní òun kò ṣe é mọ́, a kò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó ń ná owó lórí aṣọ ọdún àti lórí àwòrán ọba lè ra ẹ̀rọ kékeré tí ń gba ohùn sílẹ̀, kí ó rán àwọn ọmọ ilé-ìwé wa mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ jókòó ti àwọn ìyá wọ̀nyí, ní Ofè, ní Kàbùà, ní gbogbo ibi tí wọ́n bá wà, títí kan àgọ́ àwọn Fúlàní. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́ kan. Wọ́n ní ó dára, àmọ́ kí a kọ́kọ́ parí ìwé àwọn ọba.

N kò dúró. Mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyá arúgbó kan ní Ofè tí ó ti ń ṣe ìrù láti ìgbà tí ó wà ní ọmọge. Mo mú ìwé àti gègé lọ bá a, bí a ti máa ń ṣe nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo sì bi í ní ìbéèrè títí ojú ewé mẹ́ta fi kún. Ó gbọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí mo kọ yẹn kò tíì sè. Ó ní kí n padà wá nígbà tí èso irúgbá bá gbó, kí n wọ aṣọ tí kò ní dùn mí bí ó bá rùn, kí n sì mú igi ìdáná dání.